Màmá Kò Tọ́ Kéèkì Náà Wò

Tiwaladé, pa tẹlifíṣàn yẹn, kí o wá jókòó ti ìyá àgbà rẹ. Bàbá Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bèèrè oúnjẹ. Oúnjẹ ti jinná, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e wá títí n óò fi sọ ohun tó wà nínú mi tán, torí bí ẹ bá jẹun tán, ẹ óò sùn, èmi náà á sì tún rí àyè sá. Àǹtí Bísí, mo bẹ̀ yín kí ẹ wá láti Abuja, ẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni. Nǹkan wà. Ó ti wà nínú mi fún ọdún méjì àti oṣù kan, ó sì ti jẹ mí débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti ẹ̀yìn, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó dáhùn. Ẹ má fi òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún bá mi wí. Tèmi ò tó ọdún mẹ́ta tó fi sú mi. Inú pálọ̀ yìí ni mo ti pa irọ́ náà, inú pálọ̀ yìí náà ni òótọ́ á ti jáde lónìí.

Tósìn, ìyàwó Henry àbúrò ọkọ mi, ìwọ nìkan ni o kò sí nílé yìí nígbà náà, ìwọ ni n óò sì máa wò bí mo ti ń sọ ọ́, nítorí n kò ní ìgboyà láti wo ojú àwọn tó kù. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára Màmá kí wọ́n tó gbé èmi Mobọ́lájí níyàwó wá sílé ọmọ wọn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni mo sì ń gún wọn. Sister Ràhmátù tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ilé tó tẹ̀lé tiwa ni wọ́n ń gbé, àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa oògùn sínú síríńjì. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé ìgò kékeré náà sókè, wọ́n ní: "Mọ̀mí Tiwa, ẹ gbọ́ o. Ibi tútù ni kó máa wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti kú nìyẹn. Kódà bó bá yọ́ padà, ẹ dà á nù, kò wúlò mọ́." Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Fíríìjì wa ti jóná nígbà yẹn. Fírísà ńlá tí mo fi ń ta sóbò àti kunun aya, ìyẹn kunu ọ̀fio, ní ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù, ibẹ̀ náà ni oògùn Màmá ń gbé, nínú ike kan tó ní ìdérí. Ibi tí wọ́n ti ń yí òtútù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ení, ó parí sí èje. Bàbá Tiwa fi màkà pupa fa ìlà sí ení, wọ́n ní: "Ẹni tó bá yí i kọjá ibí, èmi àti onítọ̀hún ni." Ní ení, ohun mímu á kàn tutù díẹ̀ ni, kò ní dì. Àwọn oníbàárà mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n á mu kunu, wọ́n á yọ ṣùtì, wọ́n á ní, "Hajiya, bai yi sanyi ba," pé kò tutù tó. Mo ń fara dà á. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi fara dà á, n kò sì sọ èyí láti gba oríyìn o. Oríyìn wo ló tọ́ sí irú mi?

Ọjọ́ ìbí Màmá tó pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ló gbé ìdánwò náà wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ni Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: "Ìyàwó wa, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Ìwọ ṣáà dín púfúpúfú tí o mọ̀ ọ́n dín, èmi á gbé kéèkì gidi bọ̀." Kéèkì gidi! Ẹ má bínú, Àǹtí mi, n kò di ẹ̀bi rù yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dín samosa àti púfúpúfú fún gbogbo Sabon Gari, síbẹ̀ lójú yín n kò mọ nǹkan kan. Mo pe Ìyábọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, tó ń se oúnjẹ fún àwọn olótẹ́ẹ̀lì ní Airport Road. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Jẹ́ kó gbé tiẹ̀ bọ̀. Ìwọ ṣe èyí tí kò lè gbé rìnrìn àjò. Ṣe kéèkì áísìkiriìmù. Nínú ooru oṣù kẹrin ní Kano níbí, ta ló máa rí i tí ò ní lanu?" Láti ìṣẹ́jú yẹn, mi ò ronú nǹkan mìíràn mọ́.

Mo lọ sí ọjà Singer, mo ra mílíìkì alágolo, bọ́tà, bisikíìtì, àti kírímù oníyẹ̀fun tí wọ́n máa ń lù kó wú. Mo fọ́ bisikíìtì náà kúnná, mo pò ó mọ́ bọ́tà àti ẹ̀pà yíyan, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ páànù. Mo yan kéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Mo lu kírímù títí apá fi ń ro mí, mo da mílíìkì sí i, mo gé èso dabino wẹ́wẹ́ sí i. Ìṣòro iṣẹ́ náà ni pé ìpele kan gbọ́dọ̀ dì gbagidi kí o tó da èkejì lé e lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á dàrú. Mo kọ́kọ́ ṣe kékeré kan ní ọjọ́ Wẹ́sídeè láti fi dán ara mi wò. Nígbà tí mo ṣí fírísà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ògì ló rí. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo pe Ìyábọ̀dé, ó ní: "Ení kẹ̀? Yí i dé èje! Áísìkiriìmù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Mo ní, oògùn Màmá ńkọ́? Ó ní: "Fi táwẹ́lì wé e. Ọjọ́ kan péré ni, kí ló máa ṣe é?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo gbé ike oògùn náà jáde láti gbé e lọ sílé Sister Ràhmátù. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn wà nílé, fíríìjì wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ibẹ̀ sí wa. Mo ti dé ẹnu géètì nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí kírímù tí mo gbé sórí tábìlì, ó ti ń yọ́ sílẹ̀ láti etí abọ́. Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kírímù ló dá mi padà. Mo fa táwẹ́lì lórí okùn, mo fi wé ike náà lẹ́ẹ̀mejì, mo tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé páànù mi sáàárín, mo sì yí nǹkan náà kọjá ìlà pupa ọkọ mi títí ó fi kanlẹ̀. Ọkàn mi ti sọ fún mi nígbà yẹn, èmi ni mi ò gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ṣí fírísà, mo fi ìka kan kéèkì mi. Ó ti le bí òkúta. Mo jó! Èmi nìkan ní ẹ̀yìnkùlé, mo jó. Lẹ́yìn náà ni mo wá fọwọ́ kan táwẹ́lì, táwẹ́lì náà le gan. Mo tú u. Ìgò méjèèjì ti dì funfun báláú. Mo jókòó sórí korobá. Ìgò méjì yẹn, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá Tiwa fi wá a kiri gbogbo ilé oògùn kí wọ́n tó rí i, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni. Mo kó wọn sábẹ́ omi ẹ̀rọ títí wọ́n fi yọ́. Mo mi wọ́n. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ funfun ń léfòó nínú wọn bíi wàrà tó ti bàjẹ́. Mo tún mi wọ́n. Bàbá Tiwa pariwo láti inú ilé: "Mọ̀mí Tiwa! Ṣé Màmá ti gba abẹ́rẹ́ wọn?" Mo ní: "Mo ń bọ̀ o!" Mo dá ibi tí wọ́n ti ń yí òtútù padà sí ení, mo fi yìnyín fífọ́ tí mo rà há kéèkì náà láyìíká kó má bàa yọ́, mo sì wọlé tọ Màmá lọ.

Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi fa òkú oògùn yẹn sínú síríńjì. Màmá ká aṣọ wọn sókè, mo gún wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, bí o ti ń tọ́jú mi yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a óò tọ́jú ìwọ náà." Mo ní àmín. Ẹ wo àdúrà tí mo ṣe àmín sí! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rántí rẹ̀, ṣe ni mo máa ń fẹ́ gbé àmín yẹn mì padà.

Kéèkì náà dára. Kò sí ohun tó ba nǹkan jẹ́ tó ìyẹn, pé ó dára. Gbogbo ènìyàn lanu gẹ́gẹ́ bí Ìyábọ̀dé ti wí. Àǹtí Bísí pàápàá ní, "Ìyàwó, ìwọ lo ṣe èyí?" kéèkì tí wọ́n gbé bọ̀ sì sùn sínú páálí. Màmá gé e, a bu díẹ̀ sí àwo fún wọn, a ní kí wọ́n mú ṣíbí dání ká ya fọ́tò. Bí a ti ya fọ́tò tán, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ojú mi ti jẹ ẹ́, ó tó," wọ́n sì gbé àwo náà fún Tiwaladé tó dúró ti orúnkún wọn. Ọmọ náà lá a tán pátá. Ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí. Ojú mi méjèèjì ló ṣe.

Ọjọ́ kejì mo tún gún wọn. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ìwé tín-ín-rín tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò ti tán nílé, inú mi sì dùn pé ó tán, kí n má bàa rí i. Màmá ń mu omi lámujù, wọ́n ń dìde lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà, egbò kékeré kan tó wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo ń sọ fún ara mi pé n óò sọ ọ́ lónìí, n óò sọ ọ́ lọ́la. Mo sọ fún Ìyábọ̀dé. Ó ní: "Pa ẹnu rẹ mọ́. Ta ló rí ọ?" Mo gba ìmọ̀ràn rẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá pe Bàbá Tiwa ní orúkọ ọkọ wọn tó ti kú. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ṣúgà wọn ga débi pé ẹ̀rọ ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ó wá bi wá léèrè: "Kí ni Màmá yìí jẹ?" Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kéèkì bẹ̀rẹ̀. Bí mo ti délé, mo da oògùn yẹn sínú gọ́tà, mo fọ́ àwọn ìgò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Orí àga yẹn, níbi tí wọ́n jókòó sí yìí, ni a gbé wọn kà. Ojú Bàbá Tiwa pọ́n. Wọ́n ní: "Màmá, ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ jẹ kéèkì yẹn?" Màmá ní: "Mi ò tọ́ ọ wò." Àǹtí Bísí na fóònù sí wọn lójú: "Màmá, àwo rèé lọ́wọ́ yín, ṣíbí rèé. Ṣé fọ́tò náà ń purọ́ ni?" Màmá tún ní àwọn ò tọ́ ọ wò. Ni Àǹtí Bísí bá yíjú sí mi, wọ́n ní: "Ìyàwó, ìwọ lo dúró tì wọ́n. Kí lo rí?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ. Ẹ bá ti lù mí, ẹ bá ti lé mi, gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán. Mo ṣí ẹnu, ohun tó jáde ni pé: "Wọ́n jẹ ẹ́. Ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin." Kò tíì tó mi, mo fi kún un: "Mo ní kí wọ́n má jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀." Ta ló rán mi níṣẹ́ àfikún yẹn? Tiwaladé fò dìde láti orí ìrọ̀rí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ní: "Wallahi, Grandma no touch am! Ni na shanye duka!" Pé Màmá ò fọwọ́ kàn án, òun lòun lá gbogbo rẹ̀ tán. Mo fọ́ ọ létí. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi, ó ń sọ òótọ́, mo fọ́ ọ létí nítorí òótọ́ náà, mo ní: "Òpùrọ́! Àgbà ń sọ̀rọ̀, o ń gbèjà olójúkòkòrò!" Mo tún gbé ọwọ́ sókè. Ni Màmá bá pariwo, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní: "Má nà án mọ́! Èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Fi ọmọ náà sílẹ̀."

Ẹ̀yin yòókù mí kanlẹ̀. Bàbá Tiwa ní, "Ẹ ò wá rí i?" Àǹtí Bísí ní ọ̀kánjúà àgbà kò lóògùn. Èmi ni Màmá wò. Wọn ò wo ẹlòmíràn. Wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀ pé àwọn ò jẹ ẹ́; ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tí mo fi purọ́ mọ́ àwọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì wọn ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Láti ìgbà náà ni àgádágodo ti wà lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ nílé yìí. Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ bí àlejò bá gbé ohun dídùn wá, ẹ óò ní, "Ẹ gbé e jìnnà sí Màmá o!" ẹ óò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Tiwaladé kì í sì í sọ nǹkan kan fún mi mọ́ àyàfi tí mo bá bi í.

Ohun tó wá wó mi palẹ̀ rèé. Ẹ mọ̀ pé Màmá kì í jẹun kí wọ́n má kọ́kọ́ pe Tiwaladé. Ẹ rò pé wọ́n ń fún un lẹ́ran ni. Rárá o. Wọ́n máa ń ní kó wá wo abọ́ àwọn kí àwọn tó fọwọ́ kàn án, kó sì tún wá wò ó bí àwọn bá jẹ tán, kó lè jẹ́rìí sí ohun tí àwọn jẹ. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń gbọ́ ọ láti kíṣìnnì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ọmọ náà wà nílé ìwé. Mo gbé ẹ̀wà fún Màmá, mo ń lọ. Wọ́n pè mí padà. Wọ́n ní: "Ìyàwó mi, dákun, wá ṣe ẹlẹ́rìí mi."

Èmi! Ẹlẹ́rìí! Ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, fírísà, táwẹ́lì, omi ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́, gọ́tà. Màmá ti abọ́ ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní: "Ṣé ẹsẹ̀ mi ni o ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀ mí? Ẹsẹ̀ ti lọ, Ọlọ́run á bá mi wò ó. Orúkọ mi ni kí o lọ gbà padà fún mi. Má bẹ̀ mí ní yàrá. Iwájú àwọn tí o ti bà á jẹ́ lójú wọn ni kí o ti wá bẹ̀ mí." Ìdí rèé tí mo fi pè yín jọ.

Tósìn, mo ti ń wò ọ́ látàárọ̀, gba èyí lọ́wọ́ mi. Wọ́n á sọ̀rọ̀ sí ọ nínú ilé ọkọ. Wọ́n á ní o ò mọ nǹkan sè. Jẹ́ kí wọ́n wí, ìyẹn kì í pa ènìyàn. Bí o bá sì ba nǹkan jẹ́, figbe ta lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí o ṣì lè figbe ta, torí láti ọjọ́ kejì ni ẹnu á ti máa wúwo sí i. Sister Ràhmátù, ẹ kọ́ mi dáadáa. Ẹ̀bi yín ò sí níbẹ̀.

Tiwaladé, ọmọ mi, dìde dúró. Má sunkún. Wọ́n ní ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá kì í sì í na ọmọ nítorí òótọ́. Ìwọ lo sọ òótọ́ nínú gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn, èmi ni òpùrọ́. Dárí jì mí, nígbà tó bá ti lè rọrùn fún ọ.

Màmá, mo ti sọ ọ́ níbi tí ẹ ní kí n ti sọ ọ́. Ẹ kò jẹ kéèkì náà, ẹ kò tọ́ ọ wò, ẹ kì í ṣe ọ̀kánjúà, ẹ kò ṣe é rí. Ẹ fọwọ́ rẹ́ mi lórí tàbí kí ẹ má fọwọ́ rẹ́ mi, òótọ́ ni mo sọ.

Bàbá Tiwa, mo rí ojú yín. Bí ẹ bá ní kí n kó ẹrù mi, n óò kó o, n kò ní jiyàn. Àǹtí Bísí, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìyá yín ló jókòó yẹn, tí ẹ pè ní olójúkòkòrò fún ọdún méjì. Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ku ẹ̀yin.